Èédú Lára Pèrègún

Ìnspẹ́kítọ̀ Tẹjúmádé di pèrègún náà mú kí ó má bàa ṣubú sínú ẹrẹ̀ ni. Nígbà tó máa fi gbé ọwọ́ kúrò, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti dúdú bí ọwọ́ ẹni tó nu ìdí ìkòkò.

Ó wo ọwọ́ náà, ó wo igbó. Kò sí ẹni tó rántí ìgbà tí iná wọ ibẹ̀ gbẹ̀yìn. Igbó etí odò ni, ilẹ̀ rẹ̀ tutù rinrin tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, igi rẹ̀ sì pọ̀ débi pé oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè balẹ̀. Torí pé wọn kò gé igbó yìí, tí wọn kò sì sun ún, ni ìjọba ṣe ń fún Eunice, opó tó ni ín, ní ọmọ ọ̀pẹ àti ajílẹ̀ lọ́dọọdún. Ètò náà kò le rárá: dá igbó etí odò sí kí odò má bàa gbẹ, kí ìjọba ràn ọ́ lọ́wọ́ lórí oko rẹ yòókù. Ṣùgbọ́n ní Igbódìgò, àwọn tó ṣì ní igbó tí wọ́n lè dá sí kò pọ̀ mọ́. Àwọn yòókù ti la tiwọn ní pákó tipẹ́tipẹ́.

"Prosper, wá wo nǹkan."

Kọ́ńsítébù Prosper fẹsẹ̀ yan ilẹ̀ bọ̀. Ọmọ Àpọ́ì ni, ó gbọ́ Ìkálẹ̀ yékéyéké, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan bàtà òun. "Èédú nìyẹn, Ọ̀gá. Àwọn ọdẹ ni wọ́n á ti dáná níbí."

"Eérú wọn dà? Ilẹ̀ tó jó dà?" Tẹjúmádé ti dé ìdí èyí tó tẹ̀lé e. "Èyí náà ní èédú. Ìyẹn náà ní. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ti èyí kọjú sódò, ti ìyẹn kọjú sọ́nà, ti ọ̀hún kọjú sáàárín igbó. Irú iná wo nìyẹn?"

Ojú Prosper wà níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ewé nílẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá Bàbá Philemon lọ́jọ́rú, nígbà tí ìlú dá nítorí pé àwọn ará Aládùúrà wà ní ìsìn àánú. Ẹnì kan ti fọ́ bàbá náà lẹ́yìn orí. Philemon ni àgbà tó mọ ààlà gbogbo ilẹ̀ ẹbí ọkọ Eunice, òun ni yóò sì fi ti Eunice han àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Ó wà ní ọsibítù l'Ókìtìpupa báyìí, kò lajú, kò sì sọ̀rọ̀. Àdá Eunice ni wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn sì ti gbọ́ tí Eunice ń halẹ̀ mọ́ ọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Tẹjúmádé fúnra rẹ̀ ló lọ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí obìnrin náà lọ́wọ́ láàárín ọjà, tí gbogbo ayé ń wò, tí àwọn kan sì ń pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n dókítà ti sọ láàárọ̀ yìí pé kì í ṣe ojú àdá ló ṣe Philemon léṣe. Ohun tó wúwo ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé Tẹjúmádé padà wá sínú igbó, inú rẹ̀ kò sì dùn sí ara rẹ̀.

Ọ̀sán òní ni àwọn ará Àkúrẹ́ ń bọ̀. Bí wọ́n bá bá Eunice ní àtìmọ́lé, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ètò. Lucas, tí oko rẹ̀ bá ti Eunice pààlà, ti ń sọ káàkiri pé pèrègún àárín igbó yìí ni ààlà tí bàbá òun gbìn. Bí wọ́n bá gbà á gbọ́, igbó di tirẹ̀ nìyẹn, ìrànwọ́ di tirẹ̀, opó náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ á sì pàdánù gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ orúkọ rere.

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Eunice kò gbójú sókè.

"Kí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìwọ àti Bàbá Philemon?"

"Ẹ ti mú mi ná. Kí lẹ tún fẹ́ gbọ́?"

"Mo fẹ́ gbọ́ òótọ́."

"Ẹ ò fẹ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí ẹ wá mú mi. Bàbá bi mí pé ta ló gbin pèrègún sáàárín igbó mi. Mo rò pé Lucas ti fún wọn ní nǹkan, pé wọ́n ń wá ọ̀nà tí wọ́n máa gbé ọ̀rọ̀ náà gbà ni. Mo bú wọn. Mo ní bí wọ́n bá fi igbó àwọn ọmọ mi ṣòwò, wọ́n á mọ̀ pé èmi náà le."

"Àdá ńkọ́?"

"Wọ́n yá a lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ hú ohun tí àwọn ò mọ̀ kúrò nínú igbó."

Tẹjúmádé rẹ́rìn-ín ìkorò. "O bú èèyàn tán, o tún yá a ní àdá?"

"Bàbá ọkọ mi ni wọ́n. Ṣé tí mo bá bú wọn láàárọ̀, mi ò ní gbé oúnjẹ fún wọn lọ́sàn-án ni?"

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe nílé àwọn Tẹjúmádé l'Óde-Ayé.

"Níbo ni ààlà tòótọ́ wà?"

"Lẹ́bàá oko Lucas. Pèrègún ibẹ̀ ti di igi ńlá."

"A wá a. Imọ̀ ọ̀pẹ la bá níbẹ̀, a ò rí pèrègún."

"Ẹ ò wá a dáadáa nìyẹn," ni Eunice wí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

*

Lucas ò fi ìjókòó lọ̀ wọ́n. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi ara dí i.

"Ẹ ti mú apààyàn yín. Kí lẹ wá dé ọ̀dọ̀ mi?"

"Èèyàn kò tíì kú," ni Tẹjúmádé wí. "Níbo lẹ wà ní ọ̀sán ọjọ́rú?"

"Ní ilé Ọlọ́run. Èmi ni mo gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, èmi náà ni mo gba ti ìparí. Ẹ lọ bi wọ́n."

Tẹjúmádé ti bi wọ́n. Gbogbo ìjọ ló rí i, kódà àwọn tó kórìíra rẹ̀ sọ pé àdúrà rẹ̀ gùn ju bó ti yẹ lọ.

"Ta ló gbin pèrègún tó wà láàárín igbó yẹn?"

"Bàbá mi."

"Nígbà wo?"

"Kí wọ́n tó bí ẹ."

Prosper ṣe bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì fi ojú dá a dúró. Lucas rí i pé òun borí, ó wá fi kún un: "Bí iṣẹ́ bá wù yín í ṣe, ẹ lọ bá Gideon alápákó. Òun ló ń yọjú wo igi inú igbó yẹn látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀."

Lábẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, Dora, ìyàwó Lucas, ń to pupuru, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí wọ́n mọ róbótó tí wọ́n sì yan lórí iná, sórí àtẹ. Òun nìkan ló kí wọn dáadáa láti àárọ̀. Ó gbé àga fún Tẹjúmádé, ó bu omi fún Prosper.

"Ẹ má dá Bàbá Jésùtómi lóhùn, Màdáámú. Ọ̀rọ̀ yìí ti kan gbogbo wa lára. Ìyá Treasure tí ẹ mú yẹn, ìjọ kan náà la jọ ń lọ."

"Ẹ̀yin náà wà ní ìsìn lọ́jọ́rú?"

"Mi ò ráyè lọ. Pupuru orí àtẹ yìí ló wà lórí iná, ẹ̀yin náà mọ̀ pé èèyàn kì í fi pupuru sílẹ̀ lọ. Ẹ bi Susan tó wà lódìkejì ọ̀nà. Èéfín mi kò dáwọ́ dúró lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn."

Susan ti ń tẹ́tí láti ilé rẹ̀. Kò dúró kí wọ́n pe òun. "Mi ò fẹ́ràn obìnrin yẹn, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Èéfín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú lọ́jọ́rú. Mo pariwo títí, kò dá mi lóhùn."

"Ẹ ò rí i fúnra rẹ̀?"

"Ta ló lè ríran nínú irú èéfín bẹ́ẹ̀?"

Tẹjúmádé dúpẹ́ lọ́wọ́ Dora, ó ra pupuru díẹ̀, ó sì sanwó. Dora yan àwọn kan fún un láti ìsàlẹ̀ àtẹ, ṣùgbọ́n Tẹjúmádé ní èyí tó wà lókè wu òun jù. Ẹ̀rín ojú Dora lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó sì tún padà.

*

Gideon alápákó wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Ó fi ẹsẹ̀ nìkan kí wọn.

"Ìrẹ̀lẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́rú. Ọkọ̀ yìí ló kọṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ pe mẹkáníìkì mi."

Prosper pè é. Òótọ́ ni Gideon sọ, mẹkáníìkì náà sì tún bú u lórí fóònù pé kò tíì san owó iṣẹ́ òun.

"Kí ló mú ẹ máa yọjú wo igbó Eunice?" ni Tẹjúmádé bi í.

"Igi ni iṣẹ́ mi. Bí mo bá rí igi, mo gbọ́dọ̀ wò ó." Gideon yọ orí jáde. "Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ò lè ta á fún mi láéláé. Lucas ló ta tiẹ̀ fún mi. Gbogbo igbó etí odò tiẹ̀, mo là á tán lọ́dún tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ ilé ìwé gíga. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìjọba gbé ètò ìrànwọ́ dé. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi níbí, ó ń sunkún, ó ní kí n dá igi padà. Mo ní, ìyá, ṣé wọ́n ń lẹ igi ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Tẹjúmádé kò bá a rẹ́rìn-ín.

Nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, Prosper ní, "Ọ̀gá, ó kù díẹ̀ kí àwọn ará Àkúrẹ́ dé. Lucas wà ní ìsìn. Gideon wà ní Ìrẹ̀lẹ̀. Dora wà nídìí pupuru. Kò kù ju Eunice lọ."

Ìnspẹ́kítọ̀ náà ti yọ ọ̀bẹ, ó ń ha ara pupuru kan bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Èèpo rẹ̀ ni wọ́n máa ń ha kúrò kí wọ́n tó gún un. Ó ha apá kan títí, ó ṣì ń rí dúdú. Iná ti jẹ ẹ́ wọnú. Ó yí i sí apá kejì, bí ọ̀bẹ ṣe kàn án báyìí ni funfun yọ, funfun ọ̀hún tutù, ó sì kan bí ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú omi. Ó mú òmíràn. Bákan náà ni.

Ó jókòó sójú kan. Prosper rò pé inú ń bí i nítorí owó rẹ̀ tó ṣòfò.

"Ṣé o ti rí bí wọ́n ṣe ń yan pupuru rí?"

"Mo ti jẹ ẹ́ rí, Ọ̀gá."

"Ẹni tó ń yan án kì í jókòó gẹlẹtẹ. Ó ń yí i ni. Ó ń gbé tòkè wá sísàlẹ̀, ó ń yí ẹ̀yìn rẹ̀ síná, títí gbogbo ara rẹ̀ á fi dúdú dọ́gba. Èyí kò rí ẹni yí i. Iná ń jó, èéfín ń rú, kò sí èèyàn nídìí rẹ̀."

"Ó lè ti sùn lọ."

"Nínú èéfín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ojú ará òdìkejì ọ̀nà? Igi tútù ló kó sí iná yẹn, Prosper. Igi gbígbẹ ni wọ́n fi ń yan pupuru. Ṣùgbọ́n igi gbígbẹ yóò jó tán, ẹni tó ni ín á sì padà wá fi òmíràn sí i. Igi tútù ló máa ń pẹ́ rú. Ó fẹ́ kí àwọn aládùúgbò rí èéfín kí wọ́n rò pé òun wà nílé, ó sì fún wọn ní èéfín."

Prosper wo pupuru, ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀.

"Pupuru tó dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," ni Tẹjúmádé wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Pèrègún tó dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yí ọkọ̀ padà."

*

Kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀yìn àtíbàbà ló gbà. Páànù tuntun ni wọ́n fi ṣe ọgbà síbẹ̀, ó ń dán yanran, èéfín kò tíì rí ara rẹ̀ bà jẹ́. Ní ìdí páànù náà, ilẹ̀ rọ̀ káàkiri lójú ìlà kan, bí ibi tí wọ́n ti hú nǹkan tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ kì í padà.

"Kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?" ni Tẹjúmádé fi ohùn òkè bi Susan lódìkejì.

"Pèrègún ni. Ó ní wọ́n ti gbó, òun ti dáná sun wọ́n."

"Ṣé ẹ rí i tó sun wọ́n?"

"Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni mo ń gbé ni?"

Dora jáde sí wọn, ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Lucas ti ń bú wọn bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Tẹjúmádé na pupuru tó ti ha sí Dora. Dora wo funfun, ó wo dúdú, ó sì nu ọwọ́ méjèèjì sára ìró rẹ̀.

"Àlejò kì í ha pupuru kó tó délé," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọmọ Òde-Ayé ni mí, pupuru ni wọ́n fi tọ́ mi."

Lucas pariwo. "Kí ni pupuru kan ọ̀rọ̀ yìí? Màdáámú, ẹ jáde kúrò nílé mi kí n tó..."

"Bàbá Jésùtómi, ẹ dákẹ́," ni Dora wí. Ọkọ rẹ̀ dákẹ́. Ó jọ pé obìnrin náà kò sọ irú rẹ̀ sí i rí.

"Pèrègún ọgbà yín ló wà nínú igbó Eunice," ni Tẹjúmádé wí. "Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí iná pupuru yín láti ọjọ́ pípẹ́ wá ló dúdú. Nígbà tí ẹ ń rì wọ́n mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹ ò bìkítà ibi tí dúdú ọ̀hún kọjú sí. Ẹ gé ààlà tòótọ́, ẹ sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, torí pé àwọn yẹn ti tóbi ju ohun tí ẹ lè rù. Lọ́jọ́rú, Bàbá Philemon lọ síbẹ̀ láti hú èké yín. Ẹ̀yin náà sì wà níbẹ̀."

Dora jókòó sórí àga tó ti gbé fún wọn ṣáájú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, gbogbo ìwà pẹ̀lẹ́ ti kúrò lóhùn rẹ̀, ìbínú pọ́ńbélé ló kù.

"Nígbà tí nǹkan le, a gé tiwa. Ta ni ìjọba rán sí wa nígbà yẹn? Ta ló sọ fún wa pé wọ́n á máa kẹ́ ẹni tó bá jókòó tí kò fọwọ́ kan igi? Ọkọ Eunice kú kó tó ráyè pe Gideon ni. Òun náà ìbá gé e. Eunice wá di ọlọ́gbọ́n, àwa di ọ̀bàyéjẹ́. Lọ́dọọdún, iwájú ilé mi ni ọkọ̀ ń gbà kọjá, tó kún fún ọmọ ọ̀pẹ rẹ̀. Ó sì ń juwọ́ sí mi."

"Bàbá Philemon ńkọ́?"

"Ó hú ọ̀kan, ó gbé e dání, ó ń wò ó. Ó ní, 'Dora, mo mọ pèrègún yìí.' Òun ló bá mi gbìn ín yí àtíbàbà mi ká lọ́dún tí mo wọlé ọkọ. Ó ní kí n bá òun ká lọ sílé ká lọ sọ fún Eunice. Ó ti kọ ẹ̀yìn sí mi. Ọkọ́ wà lọ́wọ́ mi."

Susan tó ti rékọjá ọ̀nà wá fi ọwọ́ bo ẹnu. Lucas fi ara ti ògiri. Ó fẹ́ sọ pé òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n Tẹjúmádé ń wò ó.

"Ẹ mọ̀ pé bàbá yín kò gbin nǹkan kan sáàárín igbó," ló wí fún un. "Ẹ kàn rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì tẹ́ yín lọ́rùn."

Lucas yí ojú sí ògiri.

*

Olúwafẹ́mi, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ tó ti Àkúrẹ́ wá, jẹ́ ẹni tó ń kánjú. Ó dúró létí odò, ó ń wo aago rẹ̀. Eunice náà ti dé. Prosper ló fi ọkọ̀ gbé e wá láti àgọ́.

"Ẹni tó yẹ kó fi ààlà hàn wá wà ní ọsibítù," ni Olúwafẹ́mi wí. "Bí kò bá sí ẹlòmíràn tó lè fi hàn yàtọ̀ sí ẹni tó ni igbó, a ó fi orúkọ igbó yìí sílẹ̀, a ó sì kọjá sí ìlú mìíràn."

Àwọn ará Igbódìgò tó wá wòran pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n wolẹ̀. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ lọ́jà wà láàárín wọn.

"Lucas mọ̀ ọ́n," ni Eunice wí. "Ọjọ́ kan náà ni wọ́n mú òun àti ọkọ mi wá síbí láti fi ààlà hàn wọ́n."

Gbogbo ojú yí sí Lucas. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá ní ojú ọ̀nà, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sọ pé òun ti gbàgbé, kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́. Igbó náà á bọ́ lọ́wọ́ Eunice, ilé méjèèjì á sì pàdánù dọ́gba.

Lucas dúró títí Olúwafẹ́mi fi tún wo aago. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Ó kọjá lára pèrègún èké, kò wò wọ́n. Ó rìn títí oòrùn oko rẹ̀, níbi tí igi kò ti sí mọ́, fi ń tan sí i lójú. Imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ wà níbẹ̀ lókìtì-lókìtì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ti òkè kúrò, ó gbé ti ìsàlẹ̀ kúrò.

Kùkùté pèrègún tó nípọn bí itan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti gé e mọ́lẹ̀ pátá, ṣùgbọ́n ó ti rúwé padà lábẹ́ imọ̀, ewé rẹ̀ funfun nítorí pé kò rí ìmọ́lẹ̀.

"Ibí ni," ni Lucas wí. Ó gba inú oko rẹ̀ kọjá lọ, kò bojú wẹ̀yìn.

Olúwafẹ́mi ń pe àwọn èèyàn rẹ̀. Tẹjúmádé sún mọ́ Eunice.

"Ìyá Treasure, ẹ má bínú."

Eunice wo ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, níbi tí àpá irin ṣì wà. "Àárín ọjà lẹ ti mú mi, Màdáámú. Inú igbó lẹ wá ti ń bẹ̀ mí."

"Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, màá wá."

"Ẹ wọ aṣọ ọlọ́pàá yẹn wá," ni Eunice wí. "Kí ẹ sì gbé ohùn sókè bí ẹ ṣe gbé e lọ́jọ́sí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń kó imọ̀ ọ̀pẹ tó kù kúrò lórí ààlà náà.